Òkúta Ẹnu Ògiri Yamna

Yamna kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré lórí ọ̀rọ̀ ògiri rẹ̀. Ẹ mọ èyí ná kí n tó sọ ìyókù.

Ògiri tí mò ń wí, amọ̀ ni. Ní òkè wa yìí létí aṣálẹ̀, òjò gidi lè rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. Ọdún mìíràn wà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Tó bá ti rọ̀, omi á sáré gba àárín òkè kọjá, á kó erùpẹ̀ dání, á gbé e lọ sínú òkun. Àwọn bàbá wa wá mọ ògiri amọ̀ dí àfonífojì láti ìhà kan dé ìhà kejì. Omi á dúró lẹ́yìn ògiri, erùpẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, a ó gbin ólífì àti ọ̀pọ̀tọ́ sí i. Jesser là ń pe ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ló wà ní àfonífojì Lagsab, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí àtẹ̀gùn. Ti Lazhar ni ìkẹfà láti òkè. Ti Yamna ni ìkeje. Tèmi ni ìkọkànlá.

Ògiri kọ̀ọ̀kan ní ẹnu tí a fi òkúta kọ́, níbi tí àjẹkù omi ti ń lọ bá ẹni tó wà nísàlẹ̀. Òkúta pẹrẹsẹ kan ló wà ní ìdí ẹnu yẹn. Òun ló ń sọ bí omi tí o lè dá dúró ṣe pọ̀ tó. O ò gbọdọ̀ yọ ọ́, o ò sì gbọdọ̀ dá a padà, àfi tí gbogbo àwọn tó ní nǹkan nínú àfonífojì bá fọwọ́ kàn án. Èmi Massoud ni mo ń kọ́ ẹnu ògiri fún wọn láti bí ogójì ọdún. Iṣẹ́ mi nìyẹn.

Èmi àti Yamna jọ dàgbà lórí òkè kan náà ni. Inú ilé tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí Dhaou fẹ́ ẹ. Dhaou ń ṣe bíríkìlà nílẹ̀ Faransé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wálé, tòun ti ìkòkò àti aṣọ nínú àpótí. Ní ọdún kẹsàn-án, òun fúnra rẹ̀ ló wà nínú àpótí. Ó fi ọmọbìnrin méjì sílẹ̀, kò sí ọkùnrin.

Lazhar jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Dhaou. Ó ti ṣe olórí abúlé wa lábẹ́ ìjọba rí. Òun ló wá sọ pé obìnrin ò lè tọ́jú ògiri, kí ẹbí gbà á lọ́wọ́ opó kó má bàa wó. Yamna gbé ọkọ́ rẹ̀, ó gun orí ògiri, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi koríko hun agbọ̀n. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi wà níbẹ̀. Ibẹ̀ làwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé búrẹ́dì àti òróró lọ bá a. Lọ́jọ́ kejìlá, Lazhar dé.

"Ìyàwó wa, ìgbà wo lo máa sọ̀ kalẹ̀?"

"Ìgbà tí ìwọ bá gbàgbé ọ̀nà ibí."

Lazhar gbàgbé ọ̀nà náà fún ọdún mẹ́tàdínlógójì.

Láti ìgbà yẹn, òjò kì í dá kí Yamna má bọ́ bàtà. Á fi ẹsẹ̀ lásán rin orí ògiri láti ìhà yìí dé ìhà ọ̀hún. Ó ń wá ihò eku. Ihò tí kò ju ìka ọwọ́ lọ lè wó ògiri tó ga ju ènìyàn lọ. Ojú kì í rí i, àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń mọ̀ ọ́n. Òróró àti ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ ló fi tọ́ àwọn ọmọ méjèèjì tí wọ́n fi lọ sílé ọkọ.

Ọdún kẹta rèé tí Nizar dé. Ẹnjiníà ni, ọmọ ìlú Sfax, kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Wọ́n pe gbogbo wa sí ilé-ẹ̀kọ́, ó na àwòrán aláràbarà mọ́ ara ògiri, ó sọ̀rọ̀ títí tíì wa fi tutù. Èmi ó gé e kúrú.

Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ to gíláàsì sínú aṣálẹ̀ láti gba iná mànàmáná lára oòrùn. Wọ́n á fi apá kan iná yẹn tú omi palẹ̀ kí wọ́n lè rí háídírójìn, afẹ́fẹ́ kan tó ń jó, táwọn ará òdìkejì òkun fẹ́ rà. Ohun méjèèjì gbọ́dọ̀ dé etí òkun ní Zarzis. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ìkíní ni kí wọ́n gbé iná gba orí òpó irin, kí wọ́n sì ṣe háídírójìn ní etí òkun. Iná á máa ṣòfò lójú ọ̀nà. Ìkejì ni kí wọ́n ri páìpù mọ́lẹ̀ fún háídírójìn, kí wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀ fún iná. Ìyẹn jẹ́ ọ̀nà méjì, ìnáwó méjì. Ìkẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé ni. Wọ́n á mú háídírójìn tutù títí á fi di omi, wọ́n á dà á sínú páìpù onípele méjì, wọ́n á sì tẹ́ wáyà iná sí àárín rẹ̀. Nínú òtútù bẹ́ẹ̀, iná kì í ṣòfò nínú wáyà rárá. Kòtò kan, ẹrù méjì.

"Ẹ rò ó bíi fúláàsì tíì," ni Nizar wí. "Fúláàsì tó gùn tó igba kìlómítà."

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Ta ló máa mu tíì náà?"

"Àwọn ará òdìkejì òkun."

"Àwa ńkọ́, ife la máa fọ̀?"

A rẹ́rìn-ín. Nizar náà rẹ́rìn-ín. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Kò sì parọ́ fún wa. Ó ní ọ̀nà kẹta yìí wọ́n. Páìpù rẹ̀ wọ́n, ilé ẹ̀rọ tí ń mú un tutù lójú ọ̀nà ló sì wọ́n jù. Síbẹ̀, díẹ̀ báyìí ni àpapọ̀ owó rẹ̀ fi dín sí ti àwọn méjì yòókù, díẹ̀ yẹn náà sì wà lórí pé kí ọ̀nà lọ tààrà, kí ilé ẹ̀rọ má ju mẹ́ta lọ. Tó bá yà ju kìlómítà mẹ́fà lọ, ilé ẹ̀rọ kẹrin di dandan. Nígbà náà, owó á kọjá ti òpó irin, kò sẹ́ni tó máa ṣe é mọ́.

Ọ̀nà tààrà yẹn, inú àfonífojì Lagsab ló gbà. Wọ́n á gé ògiri mẹ́tàdínlógún, wọ́n á ri páìpù mọ́lẹ̀, wọ́n á dí ògiri padà, wọ́n á sanwó fún onílẹ̀. Àwa mẹ́rìndínlógún fọwọ́ sí i. Èmi náà fọwọ́ sí i. Wọ́n tún gbà mí síṣẹ́ pé èmi ni n ó máa bá wọn dí ògiri.

Yamna ò fọwọ́ sí nǹkan kan.

Nizar lọ bá a lórí ògiri, èmi àti Lazhar tẹ̀lé e.

"Màmá, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. A máa gé e, a máa ri páìpù, a máa dí i. Ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé a wá."

"Ta ló máa dí i?"

"Bàbá Massoud ni."

Ó yíjú sí mi. "Massoud, ìgbà wo là ń dí ògiri tó bá ya?"

Ọmọ kékeré ilẹ̀ wa mọ èsì rẹ̀. Lẹ́yìn òjò ni, nígbà tí erùpẹ̀ bá rin. A ó da ìpele kan tí kò nípọn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, a ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a ó fi í sílẹ̀ di òjò mìíràn. Ibi tí ènìyàn lè gbà kọjá, ìgbà òtútù mẹ́ta ni a fi ń dí i. A kì í sì í ṣí ògiri méjì lọ́dún kan náà nínú àfonífojì kan.

"Ẹ̀rọ ti dé báyìí," ni mo wí. "Ẹ̀rọ kan wà tó ń tẹ ilẹ̀."

"Ìgbà ni mo bi ọ́, ẹ̀rọ lò ń sọ fún mi."

Lazhar dá sí i. "Ìyàwó wa, gbogbo ayé ń dúró de iná yìí, ìwọ nìkan lo jókòó sójú ọ̀nà wọn. Nítorí igi ólífì ogún!"

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́, o ò mọ nǹkan mi í kà tán."

Nizar bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fi ìka ya ọ̀nà mẹ́ta sórí erùpẹ̀, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní tí àwọn bá yà fún ògiri rẹ̀, ọ̀nà tuntun yìí máa pàdánù.

"Kó pàdánù," ni Yamna wí. "Èmi kọ́ ni mo ní kó wá díje."

"Màmá, ìjọba lè fi òfin gba ilẹ̀ náà. Mi ò fẹ́ kó débẹ̀."

"Lazhar, sọ ibi tí wọ́n ti máa bá mi fún un."

Lazhar ń wo bàtà rẹ̀.

Wọ́n wá pinnu pé àwọn á fi ògiri Lazhar dánra wò, kí Yamna lè fojú ara rẹ̀ rí i. Oṣù Kẹjọ ni. Ilẹ̀ gbẹ bí eérú. Katapílà gé ògiri náà, wọ́n tẹ́ páìpù òfìfo kan síbẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tí ń tẹ ilẹ̀ fún mi. Ọkọ̀ agbomi ń rọ omi, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé kò bójú mu. Mo ṣe é. Ọjọ́ mẹ́tàlá la fi parí rẹ̀, ó sì le bí títì. Lazhar pa ewúrẹ́ kan, ó gun orí ògiri rẹ̀, ó ń jó.

"Yamna! Wá wò ó! Wá fi ẹsẹ̀ tìrẹ wò ó!"

Yamna wá. Ó bọ́ bàtà. Ó rìn dé àárín, ó dúró níbi tí mo dí, ó sì padà.

"Ó le lókè," ló wí. Kò jẹ nínú ẹran náà.

Ọjọ́bọ̀ kan ní Oṣù Kẹwàá ni òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Òjò náà ò tiẹ̀ pọ̀. Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ó dá ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá. Nizar ti wá láti wo iṣẹ́ wa. Àwa mẹ́ta, òun, èmi àti Lazhar, dúró sẹ́bàá ògiri. Omi gun dé orúnkún lẹ́yìn rẹ̀, ó gun dé ìbàdí. Lazhar ń yin Ọlọ́run.

Ni omi pupa tín-ín-rín kan bá yọ ní ìdí ògiri, níbi tí páìpù gbà kọjá. Amọ̀ gbígbẹ kì í lẹ̀ mọ́ irin. Omi ti rí ọ̀nà lára páìpù. Kò pẹ́, ó nípọn tó apá ènìyàn. Mo ju àpò iyanrìn sí i, ó gbé àpò lọ.

Yamna wà lórí ògiri tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ti rí i. Tí ògiri Lazhar bá lọ, gbogbo omi yẹn máa kọ lu tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí tirẹ̀ bá sì lọ, ìkẹjọ máa lọ, ìkẹsàn-án máa lọ, títí dé ìkẹtàdínlógún.

"Massoud! Gbé ọ̀pá irin rẹ wá!"

Mo sáré. Nizar sáré tẹ̀ lé mi.

"Yọ òkúta ẹnu," ni Yamna wí.

"Àwọn yòókù ò tíì fọwọ́ kàn án..."

"Ìwọ tó o fi ẹ̀rọ dí ògiri nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní àṣà? Yọ ọ́!"

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fa òkúta náà tu. Ọwọ́ Nizar bó. Ẹnu ògiri jìn sílẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan, gbogbo omi tí Yamna ti dá dúró láàárọ̀ yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lójú rẹ̀. Omi àkọ́kọ́ ọdún ni. Òun ló ń bọ́ ólífì títí di ìgbà ìkórè.

Kò tíì tán nígbà tí ògiri Lazhar ya. A gbọ́ ọ kí a tó rí i. Omi náà dé tòun ti igi ólífì tó ti hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, páìpù ń yí nínú rẹ̀ bí igi ìṣáná. Ó kọ lu ògiri Yamna, ó ga, ó sì rí ẹnu tó ti jìn, ó gbabẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ ń mì lẹ́sẹ̀ wa. Mo sá. Nizar sá. Yamna ò sá.

"Màmá! Ẹ sọ̀ kalẹ̀!" ni Nizar ń ké.

Kò wo apá ọ̀dọ̀ wa. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tó bá rọ̀.

Ògiri náà dúró. Mẹ́wàá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dúró, tèmi wà lára wọn. Lazhar pàdánù igi méjìlélógún. Ilẹ̀ Yamna gbẹ lọ́dún náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwé dé láti ilé-iṣẹ́ Nizar. Wọ́n ní ìjàǹbá kékeré ni, wọ́n ní sìmẹ́ǹtì ni àwọn máa lò nígbà tó bá kàn, wọ́n ní kí Yamna wá sí ọ́fíìsì àwọn ní Médenine wá gbọ́ ìpinnu ìkẹyìn. Yamna ní kí n kà á fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ sí Lazhar pé kó gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá. Lazhar gbé e wá láìjanpata.

Èmi àti Lazhar la gbé òkúta ẹnu yẹn gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì. A gbé e sórí tábìlì, ó ha tábìlì náà lára. Ọ̀gá kan ti wá láti Tunis, olú-ìlú wa, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́, ó wọ aṣọ tó mọ́.

"Màmá, kí lèyí?"

"Òkúta ẹnu ògiri mi ni. Kò lè padà sáàyè rẹ̀ títí gbogbo ẹni tó ní nǹkan ní àfonífojì á fi fọwọ́ kàn án. Páìpù yín ti sùn ní Lagsab. Ẹ ti di ará ibẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́.

"Ẹ dúró ná," ni Yamna wí. "Kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá fọwọ́ kan òkúta yìí, ó gbà pé òjò kì í rọ̀ kí òun má wá tẹ ògiri. Ọkùnrin méjì ni fún ògiri kan. Ògiri mẹ́tàdínlógún lẹ fẹ́ gbà kọjá. Ọkùnrin mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, lẹ́yìn gbogbo òjò. Ọdún mélòó ni páìpù yín máa lò nínú ilẹ̀?"

"Ogójì," ni Nizar wí. Ọ̀gá rẹ̀ ṣíjú wò ó.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. A kì í sì í ṣí ju ògiri kan lọ lọ́dún. Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ máa fi ri páìpù tán. Ẹ kọ ìyẹn náà."

"Màmá, àṣà yín nìyẹn. Kì í ṣe òfin."

"Ẹ lọ sọ ọ́ fún omi tó gbé páìpù yín lọ. Bóyá ẹ̀yin ló máa dá lóhùn."

Ni Nizar bá ṣí ìwé kan.

"Ọ̀gá, mo ti ṣírò rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ò ní lẹ̀ mọ́ amọ̀, bí amọ̀ ò ṣe lẹ̀ mọ́ páìpù. Tí a bá fẹ́ kí ògiri mẹ́tàdínlógún dúró fún ogójì ọdún, yálà kí a mọ òkúta yí páìpù ká ní gbogbo wọn, tàbí kí a máa gba àwọn ọkùnrin tí Màmá ń wí síṣẹ́. Èyí tó wù kí a mú, ọ̀nà tààrà ti wọ́n ju kí a yà kí a kọ́ ilé ẹ̀rọ kẹrin lọ. Tí a bá sì yà, òpó irin ni owó rẹ̀ máa dín jù."

"Ta ló ní kí o ṣírò ìyẹn?"

"Mo wà lórí ògiri náà lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá."

Ọ̀gá gba ìwé náà, ó kà á. Ọwọ́ tó nà tẹ́lẹ̀ ti padà sínú àpò rẹ̀. Yamna rí i.

"Ẹ ò fọwọ́ kàn án mọ́?"

Ọkùnrin náà ti ìwé náà padà sọ́wọ́ Nizar.

"Ó dáa. Lazhar, ẹ gbé òkúta mi."

Ní Oṣù Kejì ni wọ́n wá fa gbogbo èèkàn pupa tí wọ́n fi sàmì ọ̀nà páìpù tu ní Lagsab. Wọ́n ní òpó irin ni àwọn máa ri mọ́lẹ̀ gba ojú ọ̀nà orí òkè, kí wọ́n máa ṣe háídírójìn ní etí òkun. Wọ́n gbé Nizar lọ sí ibòmíràn. Ó pè mí lórí fóònù. Ó ní àwọn ń dán páìpù ẹlẹ́rù méjì yẹn wò láàárín èbúté kan àti ilé-iṣẹ́ kan, kìlómítà mẹ́sàn-án lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ó ní níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó borí. Mo sọ fún Yamna.

"Kó borí níbẹ̀," ló wí. "Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ti jinná?"

Ó ku òkúta. Ọjọ́ tí òjò rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo onílẹ̀ wá fọwọ́ kàn án kí a lè dá a padà. Lazhar ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, ó sì ń sunkún. Nígbà tó kàn mí, Yamna fi ẹsẹ̀ dí mi lọ́nà.

"Ìwọ dúró. Lọ dí ti Lazhar bó ṣe yẹ ká dí i. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ tán, kí o wá fọwọ́ kan tèmi."

"Ìgbà òtútù mẹ́ta ni, Yamna. Ilẹ̀ rẹ ò ní mumi tó títí ìgbà yẹn."

"Ilẹ̀ ta ni?"

Mo lọ gbé ọkọ́. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí, ìgbà òtútù kejì la sì wà yìí. Òkúta náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ògiri rẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Òjò rọ̀ níjẹta. Mo da ìpele tèmi, mo tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Yamna dé, ó bọ́ bàtà, ó rìn ín láti ìhà yìí lọ sí ìhà ọ̀hún. Ó ń padà bọ̀, ó dúró, ó fi gìgísẹ̀ gún ilẹ̀.

"Massoud. Ibí yìí rọ̀."

Mo lọ tún un tẹ̀.